Fáànù rédíétọ̀ kọ̀ǹpútà

Fáànù rédíétọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ fáànù kékeré tí ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rédíétọ̀ kọjá, kí omi tí ó gbé ooru wá láti ara CPU lè tutù. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní mìlímítà 120 tàbí 140.

Àlàfo àárín àwọn irin pẹlẹbẹ inú rédíétọ̀ há, ó sì máa ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, a kì í wo iye afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ ní gbangba nìkan. A tún ń wo agbára tí ó fi ń ti afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà tóóró, èyí tí a ń fi mìlímítà omi wọ̀n.

Bí fáànù bá ṣe ń yára yí tó ni ariwo rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Rédíétọ̀ ńlá tí fáànù púpọ̀ ń yí jẹ́jẹ́ lára rẹ̀ sábà máa ń dákẹ́ ju kékeré tí fáànù rẹ̀ ń sáré lọ.

Àpẹẹrẹ kan ni NF-A12x25, tí Noctua ti orílẹ̀-èdè Austríà gbé jáde ní ọdún 2018. Ó lè yí ìgbà 2000 ní ìṣẹ́jú kan, agbára ìtì rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà omi 2.34. Mìlímítà 0.5 péré ni àlàfo tí ó wà láàárín ṣóńṣó abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ àti férémù, kí afẹ́fẹ́ má baà sá padà sẹ́yìn.