Orin Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lù: Amadinda Ilẹ̀ Buganda

Lára ohun èlò orin tí a mọ̀ mọ́ ààfin Kabaka, ọba ilẹ̀ Buganda ní Uganda, ni amadinda wà, èyí tó jẹ́ pákó 12 tí a tẹ́ sórí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, tí ẹni mẹ́ta sì jọ ń fi kọ̀ǹgọ́ lù. Omunazi ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀. Omwawuzi, tó jókòó kọjú sí i, a sì máa fi ohùn tirẹ̀ bọ àárín ohùn ti àkọ́kọ́, débi pé ọwọ́ àwọn méjèèjì kì í balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ohùn tó ń jáde á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bí orin bá ti gbóná.

Iṣẹ́ ẹni kẹta, omukoonezi, ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń wádìí bí ọpọlọ ṣe ń ya ohùn sọ́tọ̀. Pákó méjì péré, tí ohùn wọn ga jù, ni tirẹ̀. Ohun tó sì ń lù níbẹ̀ ni àwọn ohùn ìsàlẹ̀ méjì tó fọ́n ká sínú iṣẹ́ àwọn méjì yòókù, èyí tó gbọ́dọ̀ fi etí ṣà jọ. Orin tó ń ti inú àwọn ohùn wọ̀nyí jáde kò sí lọ́wọ́ omunazi, kò sí lọ́wọ́ omwawuzi. Bí a bá lù ú jẹ́jẹ́, agbára káká ni yóò fi hàn, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ti yá, á yọ ketekete. Gerhard Kubik, ará Austria tó kọ́ amadinda lọ́dọ̀ Evaristo Muyinda, ọ̀kan nínú àwọn onílù Kabaka, ṣe àlàyé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1962.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbà dé ibẹ̀. Ní 1971, Albert Bregman àti Jeffrey Campbell ní Yunifásítì McGill ní Montreal da ohùn òkè mẹ́ta pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì mú wọn dún kíákíá: àwọn olùgbọ́ mọ èyí tó ṣáájú láàárín ti òkè nìkan tàbí ti ìsàlẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n bí òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe wọnú ara wọn rú wọn lójú. Àlàyé tí Bregman ṣe ni pé ohun kan ṣoṣo kì í sábà fo láti ìsàlẹ̀ bọ́ sí òkè lójijì, nítorí náà ọpọlọ a máa ka àwọn ohùn tó súnmọ́ra sí ti orísun kan. Àwárí gidi ni, ṣùgbọ́n àwọn onílù Buganda ti ń fi ìlànà kan náà ṣiṣẹ́ ṣáájú, wọ́n tiẹ̀ ti yan ẹnì kan tì í, wọ́n sì fún un lórúkọ.

Ní oṣù Karùn-ún 1966, àwọn ọmọ ogun Milton Obote, olórí ìjọba Uganda, tí Idi Amin ṣíwájú wọn, ya bo ààfin tó wà ní Mengo. Kabaka sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onílù túká, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba sì fagi lé ipò ọba, títí di 1993. Lọ́dọ̀ àwọn tí Muyinda kọ́, àti nínú ìwé tí Joseph Kyagambiddwa, ọmọ Buganda, tẹ̀ jáde ní 1955, ni púpọ̀ nínú orin náà ti ṣẹ́ kù.