"Ẹ jẹ́ ká tún gbẹ́ ẹ sí i": Bí mítà àfikún ṣe ń kó owó onílé lọ nídìí bọ́ọ̀hóòlù

Ẹni tí ó bá kọ́lé sí Ajíbọ́dẹ, lẹ́yìn Yunifásítì Ìbàdàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, mọ̀ pé bí wọ́n bá ti kan òrùlé tán, ọ̀rọ̀ omi ni ó kàn. Ìsédò Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n ṣe sórí odò Ọ̀nà ní ọdún 1942, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ ilé ní àwọn abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká. Kànga ni wọ́n ń gbẹ́. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a a gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù, ìyẹn kànga ẹ̀rọ. Owó rẹ̀ kò kéré. Ẹlòmíràn á dá èsúsú nítorí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi dun ni pé ọ̀rọ̀ kan tí ó jọ ìmọ̀ràn ni àwọn agbẹ́kànga kan fi ń yan oníbàárà jẹ: "Ẹ jẹ́ ká tún gbẹ́ ẹ sí i."

Bí ó ṣe máa ń lọ nìyí. Onílé àti agbẹ́kànga ti fẹnu kò sí mítà 45, iye owó mítà kọ̀ọ̀kan sì ti yé àwọn méjèèjì. Ẹ̀rọ dé, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń pariwo, eruku funfun bo ògiri. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá wọn á tọ onílé wá, á ní: "Bàbá, omi ti ń yọ o, ṣùgbọ́n kò tí ì tó. Bí ẹ bá fi mítà 15 kún un, a ó kan omi gidi. Bí a bá fi lè kó ẹ̀rọ lọ báyìí, owó ìkẹ́rù mìíràn ni ẹ ó san kí á tó padà wá." Onílé kò rí inú ihò. Ohun tí ó mọ̀ ni pé òun ti náwó, òun kò sì fẹ́ kí owó náà wọgbó. Á ní kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ irọ́, nítorí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ pé omi wà díẹ̀ sí i nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tí ó mú kí àfikún náà tètè tà, pé bí ihò bá ṣe jìn tó ni omi rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàdàn.

Orí àpáta líle àtayébáyé ni Ìbàdàn àti àwọn abúlé rẹ̀ wà. Àpáta tí kò tí ì jẹrà kò ní àyè tí omi lè gbà wọ inú rẹ̀. Ibi méjì péré ni omi máa ń wà: ìpele ilẹ̀ tí ó wà lókè, níbi tí òkúta ti jẹrà di iyanrìn àti amọ̀, àti inú ẹ̀là tí ó la àpáta fúnra rẹ̀. Bí a bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ sí i ni ẹ̀là wọ̀nyí ń dín kù, tí àwọn tí ó ṣẹ́ kù sì ń fún mọ́ra, nítorí ìwúwo àpáta tí ó wà lórí wọn. Nítorí náà, bí eruku gbígbẹ bá ṣì ń tú jáde ní mítà 70, ìrètí omi ń kéré sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ owó mítà kò dín kù.

Èkó ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Iyanrìn àti amọ̀ tí ó tò léra wọn ni ilẹ̀ ibẹ̀, omi òkè sì lè níyọ̀ tàbí kí ó dọ̀tí ní àwọn àdúgbò tí ó sún mọ́ ọ̀sà, nítorí náà wíwá omi lọ sísàlẹ̀ ní èrè níbẹ̀. Ẹni tí ó gbé Èkó kí ó tó wá kọ́lé sí Ajíbọ́dẹ, òtítọ́ Èkó ni ó ń gbé kiri, agbẹ́kànga alárékérekè kò sì ní já a.

Ohun tí ó dára ni pé jíjìn ihò ṣe é wọ̀n. Irin gígùn ni wọ́n máa ń so mọ́ra bí ẹ̀rọ ti ń wọlẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi téèpù wọn ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ mítà 3, irin 15 ni yóò dé mítà 45. Ẹni tí ó bá ní òun ti dé 60 gbọ́dọ̀ ti lo irin 20. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì máa fi ẹfun sàmì sí ara ògiri. Bí wọ́n bá parí, kí wọ́n tó gbé pọ́ǹpù sí i, ẹ so irin kékeré mọ́ okùn, kí ẹ sọ ọ́ sínú ihò. Okùn kò mọ bí a ti ń parọ́.

Omi náà ṣe é wọ̀n. Nígbà tí wọ́n bá ń fi atẹ́gùn fẹ ihò náà, ẹ jẹ́ kí ó ṣàn fún bíi wákàtí kan, nítorí omi àkọ́kọ́ máa ń tan ni jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ darí rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, kí ẹ wo aago. Bí kẹ́ẹ̀gì bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 50, lítà 1,800 ni ó ń wá ní wákàtí kan. Ilé tí èèyàn 8 ń gbé, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 100 lójúmọ́, lítà 800 péré ni yóò lò. Pọ́ǹpù kò ní ṣiṣẹ́ tó ìdajì wákàtí kí omi náà tó pé. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ní omi rẹ̀ kò tó!

Pọ́ǹpù pàápàá, èyí tí wọ́n ń pè ní súmò, ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí tí ó tóbi ni wọn yóò fẹ́ tà. Bí omi tí ó ń wá kò bá ju lítà 1,800 lọ ní wákàtí, pọ́ǹpù tí ń fa 3,000 yóò fa ihò gbẹ, yóò sì lè jóná, ẹni tí ó tà á ni yóò sì tún wá ta òmíràn. Ní ti páìpù rọ́bà tí wọ́n ń pè ní kéésìn, ó pọn dandan ní ìpele tí ó jẹrà kí ilẹ̀ má baà ya sínú ihò, ṣùgbọ́n àpáta líle sábà máa ń dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹ bèèrè ìdí bí wọ́n bá ka páìpù dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn mìíràn a sì máa dín páìpù kù níbi tí ó ti yẹ kí ó wà, èyí tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àyẹ̀wò ilẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo èyí. Onímọ̀ nípa àpáta á fi iná mànàmáná díẹ̀ sínú ilẹ̀ láti mọ ibi tí ìpele jíjẹrà ti nípọn. Àjọ COMEG, tí òfin ọdún 1990 dá sílẹ̀, ni ó ń forúkọ irú wọn sílẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Yóò dára bí ẹni tí ó ṣe àyẹ̀wò kò bá jẹ́ ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ, nítorí kò ní èrè nínú mítà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè búra pé omi yóò wà. Ihò kan lè já sí òfo láìsí ẹ̀tàn kankan.

Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ ní abala 115 pé kí a jẹ́ kí oníbàárà mọ iye owó. Abala 130 sì fún un ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tí ó pójú owó, àti sí àtúnṣe tàbí ìdápadà apá kan owó bí iṣẹ́ bá kù díẹ̀ káàtó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ṣòro láti fi jà. Kí ìwé àdéhùn sọ iye mítà, iye irin, gígùn kéésìn, agbára pọ́ǹpù, àti ẹni tí yóò ru ìnáwó bí omi kò bá sí. Kí ó sì sọ pé wọn kò ní fi mítà kan kún un àfi bí wọ́n bá ti fi kẹ́ẹ̀gì wọn omi níṣojú onílé, tí òun náà sì fọwọ́ sí i.