Eegun Tí Ó Rojọ́ ní New York

Ní ọdún 1991, nígbà tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ìjọba kan ní Manhattan, ní ìlú New York, a kan ibojì àwọn adúláwọ̀ tí a kó lẹ́rú, àwọn tí a ti kọ́lé lé lórí bí ẹni pé wọn kò wáyé rí. Òkú 419 ni a hú; Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Blakey ti Yunifásítì Howard sì ṣáájú àwọn onímọ̀ tí ó yẹ̀ wọ́n wò, tí wọ́n ń fi eegun ìbàdí mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, tí wọ́n ń fi eyín ka ọjọ́ orí ọmọdé, tí ojú ibi tí iṣan ti so mọ́ eegun sì ń fi hàn wọ́n bí ẹrù ti ni àwọn ẹni ẹlẹ́ni wọ̀nyí lára tó.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà lára àwọn òkú náà tí kò gbàgbé: a ti rẹ́ eyín iwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ Áfíríkà, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún sì yí ìdí rẹ̀ ká, pẹ̀lú owó ẹyọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, inú pósí tí a gbẹ́ ní ilẹ̀ Ghana ni a tẹ́ gbogbo wọn sí, tí a sì tún sin wọ́n.