Pípín Yàrá Nínú Ilé Tuntun

Pípín yàrá ni apá iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí wọ́n ti ń pinnu ibi tí pálọ̀, yàrá ìsùn, ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti àtẹ̀gùn yóò wà, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe fẹ̀ tó, àti ibi tí ará ilé yóò máa gbà bọ́ sínú wọn. Orí ìwé ni ayàwòrán-ilé ti ń ṣe é, níbi tí ìrésà kékeré ti tó láti tún un ṣe. Tí bíríkìlà bá ti ta okùn, tó ti da kọnkéré ìpìlẹ̀, òòlù àti owó ló kù.

Kí ìwé àwòrán tó dé, ètò ti wà nílẹ̀ Yorùbá. Nínú agbo ilé àtijọ́, àgbàlá ló wà láàárín, tí yàrá yí i ká. Òrùlé dà sínú àgbàlá náà, òjò sì ń ti ibẹ̀ ṣàn sínú ìkòkò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ń gbàlejò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń hunṣọ, tí ọmọdé ti ń ṣeré. Yàrá fúnra rẹ̀ kéré, ó sì ṣókùnkùn, torí oorun àti ẹrù nìkan ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ètò kan náà ni ti ààfin, àfi pé wọ́n ń fi àgbàlá kan kún òmíràn ni. Ti ààfin Ọ̀wọ̀ pọ̀ débi tí wọ́n fi máa ń sọ pé ó lé ní 100.

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl padà mú ètò mìíràn wọ Èkó: ọ̀nà gbọọrọ kan láàárín ilé, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, nígbà mìíràn pẹ́tẹ́ẹ̀sì lókè. Owó kòkó wá gbé e dé Ìbàdàn, Iléṣà àti Oǹdó. Nígbà tí ìlú kún tí ayálégbé pọ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ilé face-me-I-face-you, yọjú. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá ní níbẹ̀, atẹ́gùn tó bá wọlé kò rí ibi jáde, èèyàn sì ń tan iná lọ́sàn-án gangan kó tó ríran rìn. Ìmọ́lẹ̀ tí àgbàlá ń pín fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò sí mọ́.

Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé ará Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ya àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn níbẹ̀rẹ̀, fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn lára ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ má baà na ògiri tó fẹ̀. Wọ́n ní kí fèrèsé kọjú síra, kí atẹ́gùn lè la yàrá kọjá. Demas Nwoko, tó kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican n'Ìbàdàn, tó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà ní Venice lọ́dún 2023, mú àgbàlá fúnra rẹ̀ padà wọnú ilé ìgbàlódé. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ onílé, títì ló ṣì ń pàṣẹ: ibi tí ọ̀nà bá wà ni pálọ̀ ń kọjú sí, oòrùn ì báà máa wọ̀ síbẹ̀.

Ìwọ̀n ló ń tan èèyàn jù. Bí àwòrán bá pe yàrá ní ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, ó lè jẹ́ láti àárín ògiri dé àárín ògiri. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9 yóò jẹ ínǹṣì 9 níbẹ̀, pílásítà yóò bu tirẹ̀. Ó ku 11 àti díẹ̀. Gbé bẹ́ẹ̀dì 6 sí 6 wọlé, fi kọ́bọ́ọ̀dù ẹsẹ̀ bàtà 2 síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀: 3 péré ló ṣẹ́kù láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn tún lè ṣí síbẹ̀. Pálọ̀ ilé kan náà sì lè jẹ́ 20 sí 18, kó kún fún àga tí àlejò ọdún nìkan ń jókòó lé.

Omi tún ní àṣẹ tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera fẹ́ kí kànga jìnnà sí sókàwéè tó mítà 30 níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 kò sì gùn ju mítà 30 àti díẹ̀ lọ. Igun kan ni kànga yóò gbé, kí sókàwéè wà ní igun òdìkejì, kí ilé dúró láàárín. Bí èyí bá ti dájú, ibi tí balùwẹ̀ yóò wà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú nìyẹn. A kò tíì ka ti aládùúgbò o, tí sókàwéè tirẹ̀ lè wà lẹ́yìn odi gan-an.

Ibi tí jẹnẹrétọ̀ yóò wà náà ṣe pàtàkì, torí èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kan nínú tí kò ní òórùn, tó ń pa èèyàn sójú oorun. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé kankan. Ní ti irin fèrèsé, ó yẹ kí ọ̀kan wà tó ṣeé ṣí látinú nítorí ìjàmbá iná.

Ní ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì alájà kan, wọ́n sábà máa ń kó gbogbo yàrá ìsùn sókè. Àtẹ̀gùn tó ga ní mítà 3 tó ìgbésẹ̀ 18, ìyá ìyàwó tó wá wẹ ọmọ yóò sì gùn ún lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayàwòrán kan fi ń fi yàrá kan àti balùwẹ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń fún un ní ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 3 kí kẹ̀kẹ́ arọ lè gba ibẹ̀ kọjá.