Ta Ló Mọ Ìkòkò Náà?

Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwo ilé ní Amẹ́ríkà láyé ìjọba amúnisìn, àwo aláràbarà ni wọ́n máa ń kó síwájú wa: àwo Staffordshire tó pọ́n bí ìyeyè, tí wọ́n fi amọ̀ ṣíṣàn ya ìlà wérewère sí, tàbí àwo pupa àwọn Jámánì Pennsylvania, tí wọ́n ha òdòdó àti ẹyẹ sí lára. Wọ́n dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi mọ ìbéèrè mi: ẹni tó ń dáná fún olówó, kí ló fi ń jẹ tirẹ̀?

Ẹ ká lọ sí South Carolina àti Virginia. Níbi tí ilé àwọn ẹrú wà nígbà náà, àwọn awalẹ̀pìtàn ń hú àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fọwọ́ mọ, tí kò dán, tí wọ́n sun nínú iná gbangba. Ní 1962, Ivor Noël Hume pè é ní Colono-Indian, torí ó gbà pé àwọn Íńdíà onílẹ̀ ló ń mọ ọ́n tà. Nígbà tó di 1980, Leland Ferguson béèrè pé: àwọn ará Áfíríkà tó kún oko ìrẹsì wọ̀nyẹn ńkọ́? Ṣé ojú òkun ni wọ́n gbàgbé ìkòkò mímọ sí ni?

Àmì ló wá dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní ìdí àwọn abọ́ kan, tí púpọ̀ nínú wọn jáde láti inú odò, ẹnìkan ti ha àgbélébùú sí i, nígbà mìíràn nínú òbìrìkítí. Ferguson rí àwòrán ayé àwọn Kóńgò níbẹ̀: alààyè lókè, òkú nísàlẹ̀, omi láàárín. Àwọn mìíràn ní àmì amọ̀kòkò lásán ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń ronú oríta tiwa. Ẹ rọra o! Kóńgò, Àǹgólà àti Sẹ̀nẹ̀gáńbíà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ sí South Carolina ti wá. Díẹ̀ ló ti etíkun tiwa lọ. Ẹ má jẹ́ ká gba ohun olóhun.

Èmi ò sì gbà pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ló ni ìkòkò yìí. Àwọn Catawba mọ ọ́n tà, ẹrú mọ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ẹrú Íńdíà àti ẹrú Áfíríkà sì jọ ṣiṣẹ́ lóko kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Stono ti 1739, òfin 1740 ní South Carolina sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́ ẹrú bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Ìdí abọ́ wọ̀nyí wà lára ìwọ̀nba ibi tí a ti lè rí ohun tí ọwọ́ wọn fúnra wọn kọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ máa wo abẹ́ abọ́ kẹ́ ẹ tó wo ojú rẹ̀.