Mọ́yò Ojoojúmọ́, Fẹṣuádà Ọdọọdún: Oúnjẹ, Ọ̀rọ̀ àti Ìrántí ní Ilé Àgùdà Kan ní Àjàṣẹ́

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, olùkọ́ wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lọ kó ọ̀rọ̀ àyálò 50 jọ láti ilé rẹ̀. Ilé Àgùdà ni wọ́n bí mi sí ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Ègùn ń pè ní Hogbonu, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Mo rò pé iṣẹ́ náà kò ní le rárá. Mo mú ìwé àti bírò, mo lọ bá ìyá àgbà wa lẹ́bàá ààrò. Mo kọ fẹṣuádà, mo kọ kusídù, mo kọ kọnkádà. Ìyá àgbà ń mi orí sí i. Nígbà tí mo dé orí mọ́yò, wọ́n dá mi dúró.

"Yọ ìyẹn kúrò," ni wọ́n wí. "Mọ́yò kì í ṣe oúnjẹ Àgùdà. Tiwa ni."

Mo ní, "Ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ Potogí ni o. Molho ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ọbẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ? Ṣé o ti rí Àgùdà tó gbé mọ́yò síwájú àlejò lọ́jọ́ ọdún rí?"

N kò rí i rí. Síbẹ̀ mo kọ mọ́yò sínú ìwé mi, olùkọ́ sì fún mi ní máàkì rẹ̀. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni bí ojú ìyá àgbà ṣe yí padà lójijì, àti ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "tiwa." Obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ Potogí, tó ń wọ aṣọ funfun Àgùdà lọ́dọọdún, ló ń ya Àgùdà sọ́tọ̀ kúrò lára "wa." Ta ni "wa" náà? Ó pẹ́ kí n tó mọ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Àgùdà jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ní ìtumọ̀ kan náà níbi gbogbo. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, bí a bá ní ìjọ Àgùdà, ìjọ Kátólíìkì là ń wí. Ní Àjàṣẹ́ àti ní Ouidah, ìdílé ni: de Souza, da Silva, Paraïso àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, yálà wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí. Àwọn kan nínú baba ńlá wọn jẹ́ oníṣòwò ẹrú tó ti Bràsíìlì wá, irú Francisco Félix de Souza tó kú ní Ouidah ní 1849, àti Domingos José Martins tó ṣòwò létí òkun wa. Àwọn mìíràn jẹ́ ẹni tí wọ́n ti tà lọ sí Bahia, tó ra ara wọn padà tàbí tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀. Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835 ni àwọn Mùsùlùmí, tí Nagô pọ̀ jù nínú wọn, dìtẹ̀ ní ìlú Salvador. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin le mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì wọ ọkọ̀ padà sí etíkun yìí. Wọn kò tíì dáwọ́ dúró títí Bràsíìlì fi fòpin sí oko ẹrú ní 1888. Wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ dání: bíríkìlà, káfíńtà, iṣẹ́ aṣọ rírán. Ẹni tó bá wo iwájú mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́ yóò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia kan ló dúró síbẹ̀.

Ẹ̀ka kẹta wà. Àwọn ni ẹni tí Àgùdà rà níbí, lórí ilẹ̀ yìí, tí wọ́n dàgbà sínú ilé náà, tí wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ ilé náà. Milton Guran, ará Bràsíìlì tó kọ ìwé lórí àwọn Àgùdà ilẹ̀ Benin, kò fi wọ́n sílẹ̀. Nílé wa ńkọ́? A kì í sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìró àwọn ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, kí olùkọ́ mi má baà sọ pé mo ti di akọ̀tàn. Ohùn tí mo fi sí wọn níhìn-ín ni ohùn ilé wa. Sílébù tí Potogí bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni àwa ń gbé ohùn òkè fún. Feijoada ní ìró kan láàárín tí Yorùbá kò ní. A mú èyí tó sún mọ́ ọn, a pè é ní ṣ, a sọ akùnyùn di àìkùnyùn: fẹṣuádà. Bákan náà ni cozido, ọbẹ̀ ẹran àti ewébẹ̀, ṣe di kusídù, nítorí a kò ní z. Ti molho tún dùn ju ìyẹn lọ. Ìró tí Potogí ń fi lh kọ di y lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ní Bràsíìlì náà ń sọ ọ́ di y. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ó ti di mọ́yò kí ó tó wọ ọkọ̀ rárá, lẹ́nu ẹrú kan náà tí Yorùbá jẹ́ èdè ìyá rẹ̀.

Ní Èkó, ní Pópó Àgùdà, ẹ̀wà kan náà, feijão, di frejon. Wọ́n mú j, wọ́n sì fi r kan há a lórí. Wọ́n máa ń lọ ẹ̀wà náà kúnná pẹ̀lú omi àgbọn, wọ́n á fi ẹja díndín àti ata jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Fúráìdé Rere, ọjọ́ ikú Jésù, tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹran. Oúnjẹ ọ̀fọ̀ ni. Ní Àjàṣẹ́, ẹ̀wà yìí kan náà ni a ń se pẹ̀lú ẹran rẹpẹtẹ lọ́jọ́ ayọ̀. Bí o bá pe frejon létí ará Pópó Àgùdà, ọkàn rẹ̀ á lọ sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọ̀sán Fúráìdé. Bí o bá pe fẹṣuádà létí mi, ìlù ni mo máa gbọ́. Ìwé atúmọ̀ èdè yóò kọ "ẹ̀wà" síwájú àwọn méjèèjì, kò sì ní purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ ayọ̀ tí mo wí ni ọdún Bonfim, nínú oṣù kìn-ín-ní. Nosso Senhor do Bonfim, Olúwa Ìgbẹ̀yìn Rere, ni wọ́n ń bọlá fún ní Salvador ní oṣù yẹn gan-an, àwọn Àgùdà sì gbé e wá. Ní alẹ́ Sátidé, àwọn ènìyàn á jáde káàkiri ìgboro pẹ̀lú ìlù àti agọ̀. Burrinha ni wọ́n ń pè é, abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Potogí. Àwa ń pè é ní buriyán. Wọ́n á máa kọ orin Potogí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ní àárọ̀ Sunday, máàsì ní kàtídírà, lẹ́yìn náà oúnjẹ. Àwọn àgbàlagbà á máa kí ara wọn: "Bom dia, como passou?" Ìkíni yìí ni gbogbo Potogí tí ìyá àgbà wa gbọ́.

Nílé wa, ìkòkò méjì ló máa ń wà lórí iná. Ọ̀kan ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú, èkejì ní ẹran màlúù, nítorí ìdajì ilé ni Mùsùlùmí. Orúkọ kan náà ni ìkòkò méjèèjì ń jẹ́. Òórùn tó ń ti inú wọn jáde ti tó láti mú kí àwọn arákùnrin baba mi tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti oṣù kẹta jókòó sí orí bẹ́ǹṣì kan. N kò ní ṣàlàyé bí òórùn ṣe ń ṣe é. Mo kàn mọ̀ pé a kò se fẹṣuádà lọ́jọ́ mìíràn láàárín ọdún rí, àti pé àbúrò mi kan tó gbìyànjú láti sè é ní oṣù kẹjọ nílé ọkọ rẹ̀ ní kò jọ fẹṣuádà lẹ́nu òun. Ó ní ẹ̀wà àti ẹran lásán ni òun jẹ.

Ẹ wá wo àwọn ọ̀rọ̀ tó kù. Pirọ́n, gàrí tí a fi omi ẹran tàbí omi ọbẹ̀ tẹ̀, pirão ni ní Potogí. Wọ́n ń tà á ní ìsọ̀ oúnjẹ káàkiri gúúsù Benin, ẹni tó ń tà á kò ní Àgùdà kankan ní ìdílé. Mọ́yò, tòmáàtì, àlùbọ́sà àti ata tí a gé sórí ẹja díndín, ojoojúmọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń rántí Bahia bó bá ń jẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ẹni tó ń rántí Lárúbáwá bó bá ń gé àlùbọ́sà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni àlùbọ́sà. Ohun tí mo kọ sínú iṣẹ́ mi nígbà náà nìyí: ọ̀rọ̀ tó bá wọ inú ìkòkò ojoojúmọ́ a máa gbàgbé ilé rẹ̀, èyí tí a bá fi pamọ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò máa rántí. Mo gbádùn gbólóhùn náà. Kò pé.

Ohun tó bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni àkàrà. Àkàrà lọ sí Bahia pẹ̀lú àwọn Nagô, ó di acarajé. Àlàyé tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé igbe àwọn tó ń kiri i, àkàrà àti jẹ, ló lẹ̀ mọ́ ara wọn. Àkàsà, ẹ̀kọ tí a ń jẹ ní Àjàṣẹ́, di acaçá. Wọ́n ń dín acarajé ní ojú pópó Salvador lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó gbàgbé ibi tó ti wá. Oúnjẹ Ọya ni. Àwọn obìnrin tó ń tà á ń wọ aṣọ funfun, ní 2005 sì ni ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè. Acaçá náà, inú ewé ni wọ́n ń dì í sí fún òrìṣà. Ní Àjàṣẹ́ tí àkàrà kò ti kúrò rí, ebi àárọ̀ la fi ń jẹ ẹ́. Jíjẹ nǹkan lójoojúmọ́ nìkan kọ́ ló ń mú ká gbàgbé, nígbà náà. Ẹni tí a ń se oúnjẹ náà fún wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó ń sè é sì wà níbẹ̀.

Èyí ni ìyá àgbà ti mọ̀ kí n tó lọ sí yunifásítì kankan.

Ní ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́ mi, mo bá wọn ṣa ẹ̀wà ọdún Bonfim. Lọ́dọọdún ni ìyá àgbà máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà yìí. Mo ti máa ń rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Lọ́jọ́ yẹn mo tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́yò, eré ni mo fi ń ṣe. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá ìyá àwọn kò fi ojú rí Bahia. Ogun tó ba Kétu jẹ́ ló kó o, ọmọdé ni. Ìyẹn ni ogun 1886, tí àwọn ará Dàhòmì fi pa ìlú náà run. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, ó bọ́ sọ́wọ́ Àgùdà kan ní Àjàṣẹ́. Ilé ìdáná ni wọ́n fi í sí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń se ẹ̀wà fún àwọn tó rí Bahia, tí wọ́n sì ń sunkún ayọ̀ bí wọ́n bá tọ́ ọ wò. Bí ẹ̀wà bá jóná, yóò gbọ́ ọ lára. Bí àlejò bá lọ tán, àwọn tó wà lẹ́yìnkùlé á gé tòmáàtì àti ata sórí ẹja tó ṣẹ́kù, wọ́n á fi gàrí jẹ ẹ́.

"Ìyẹn ni mọ́yò," ni ìyá àgbà wí. "Ṣé o ti mọ ẹni tó ni ín báyìí?"

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Nílé wa, a ti máa ń fi Yorùbá tí à ń sọ yangàn, pé Bahia ni ó lọ, tó sì padà bọ̀ pẹ̀lú àwọn baba wa. Mo ti kọ bẹ́ẹ̀ sínú iṣẹ́ àṣekágbá mi. Láti Kétu ni ti ìyá àgbà ti wá, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, lẹ́nu ọmọ tí wọ́n rà. Mo ti tún ojú ìwé yẹn kọ báyìí.

Mo bi wọ́n bóyá kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí ọdún kọjá ná. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, ìyá àgbà ti lọ, àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí lè dun jù sì ti tẹ̀lé wọn.

Ní Sunday ọjọ́ náà, ìyá àgbà wọ aṣọ funfun, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí àlejò kọ̀ọ̀kan: "Bom dia, como passou?" Wọ́n bu fẹṣuádà fún gbogbo wọn, wọ́n jó buriyán díẹ̀. Nígbà tí àlejò tán, tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n ní kí n lọ bu gàrí wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹja ti wà nínú àwo lẹ́bàá ààrò, wọ́n ti gé àlùbọ́sà sí i.