Kanté Manfila: Onígìtá tí Ohùn Ẹlòmíràn Bò Mọ́lẹ̀

Ní àsìkò ọdún Iléyá ní 1980, àbúrò bàbá mi tó ń ṣòwò aṣọ ní Treichville, ní ìlú Abidjan, wá sílé ní Ẹ̀jìgbò. Nínú ẹrù rẹ̀ ni àwo orin kan wà tí a gbé sórí gírámafóònù ní àgbétúngbé títí ó fi sú ìyá wa àgbà. A kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, nítorí èdè Maninka ni wọ́n fi kọ ọ́. Síbẹ̀ gìtá inú rẹ̀ kò kúrò létí mi, àní lójú oorun. Mo bi bàbá kékeré léèrè ẹni tó ń ta gìtá náà. Wọ́n ní Salif Keita ni. Bàbá mi, tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn orin, gba àwo náà, wọ́n ka ohun tí a tẹ̀ sí àárín rẹ̀, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín: "Badmos! Ọmọ tiwa nìyí o, Gbàdàmọ́sí ni."

Bàbá mi gba ọ̀rọ̀ náà bó ti rí. Bàbá kékeré ni wọ́n ṣì í. Salif Keita ni olóhùn. Ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ Les Ambassadeurs, tó ń to orin rẹ̀, tó sì ń ta gìtá níbẹ̀ ni Kanté Manfila. Ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe ti bàbá kékeré nìkan. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ìtàn orin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀: wọn a dárúkọ olóhùn, wọn a sì ka àwọn yòókù sí elégbè.

Ọdún 1946 ni a bí Kanté Manfila ní Farabanah, ní agbègbè Kankan, ní orílẹ̀-èdè Gínì. Kí ẹni tó bá fẹ́ wá àwo rẹ̀ ṣọ́ra, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni olórin tó ń jẹ́ orúkọ yìí. Manfila kan wà pẹ̀lú Keletigui et ses Tambourinis ní Conakry, tí wọ́n ń pè ní Dabadou kí a lè dá a mọ̀ yàtọ̀. Tiwa yìí kúrò nílé nígbà èwe rẹ̀, ó sì di Abidjan. Ìlú náà ń gbòòrò nígbà náà lórí owó kòkó àti kọfí, àwọn ọmọ Málì, Gínì, Upper Volta, Dahomey àti Nàìjíríà sì ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbé orin jáde ní orúkọ ara rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ọ̀dọ́ onígìtá tó wà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ nígbà náà kò lè ṣe aláìgbọ́ orin àwọn ará Kúbà, orin Faransé àti orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. James Brown fúnra rẹ̀ dé Abidjan ní 1968.

Ní 1972 ó lọ sí Bamako, ó sì di olórí Les Ambassadeurs du Motel, ẹgbẹ́ tó ń kọrin ní ilé ìtura tí a ń pè ní Motel. Orogún wọn ni Rail Band, tí wọ́n ń kọrin ní ilé ìtura tó wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí Salif Keita fi Rail Band sílẹ̀ ní 1973 tó sì wá sọ́dọ̀ Manfila, gbogbo ìlú ló gbọ́. Amadou Bagayoko, tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà pẹ̀lú Mariam ìyàwó rẹ̀, tó sì kú ní 2025, wà lára àwọn onígìtá ẹgbẹ́ náà láti 1974.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ dúró díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ ìdílé àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Keita ni ìdílé Sunjata, ọba tó dá ilẹ̀ Málì sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Kanté ni ìdílé Sumaoro, ọba alágbẹ̀dẹ ti Sosso, tí Sunjata ṣẹ́gun. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Sumaoro ló ni bálà, igi olóhùn tí àwọn ìwé ń pè ní balafon, kí ó tó bọ́ sí ọwọ́ ìdílé Kouyaté, àwọn akéwì tó ń tọ́jú rẹ̀ di òní ní Niagassola ní Gínì. Àjọ UNESCO kéde ipò pàtàkì tí bálà náà wà ní 2001. Nínú ẹgbẹ́ Les Ambassadeurs, Keita ń kọrin, Kanté ń darí gìtá, Ousmane Kouyaté náà sì dara pọ̀ mọ́ wọn pẹ̀lú gìtá tirẹ̀. Lójú àṣà wọn, kò yẹ kí Keita kọrin rárá, nítorí ọmọ ọba ni. N kò sọ pé wọ́n pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Maninka tó bá gbọ́ orúkọ mẹ́ta yìí pọ̀ kò ní ṣàìrántí ogun àtijọ́.

Ní 1978, rògbòdìyàn òṣèlú mi Bamako. Wọ́n mú àwọn ọ̀gágun kan tó jẹ́ alágbára nínú ìjọba, títí kan Tiékoro Bagayoko, olórí ọlọ́pàá, tó jẹ́ alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà. Manfila, Salif àti àwọn mélòó kan sá lọ sí Abidjan, wọ́n sì yí orúkọ wọn sí Les Ambassadeurs Internationaux. Wọ́n bá ọjà àwo orin níbẹ̀, wọ́n sì bá Badmos.

Raimi Gbadamassi ni orúkọ oníṣòwò yìí, Badmos sì ni orúkọ tó tẹ̀ sára àwo. Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè mọ̀ dáadáa nípa Ẹ̀jìgbò àti Abidjan. A máa ń sọ pé èdè Faransé ti di èdè ọjà ní Ẹ̀jìgbò, a sì mọ̀ pé Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Côte d'Ivoire. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń ka ohun tí àwọn Yorùbá tà ní ilẹ̀ náà, aṣọ àti abọ́ ni a ń kà. A kì í ka orin. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àmì Badmos ló wà lára àwo Ziboté tí Ernesto Djédjé fi gbajúmọ̀ ní 1977, òun náà ló sì wà lára Mandjou, àwo tí bàbá kékeré gbé wálé.

Mandjou gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò sì kánjú rárá. Cheick Tidiane Seck wà nídìí dùùrù. Àwọn gìtá ń hun ara wọn wọ inú ara wọn débi pé etí kì í fi gbogbo ìgbà mọ ti Manfila yàtọ̀ sí ti Kouyaté, n kò sì ní purọ́ pé mo lè yà wọ́n. Ohun tí mo gbọ́ ni ètò. Àwọn onikórà Mandinka ní ọ̀rọ̀ méjì fún un: kumbengo ni ìlà tó ń yí padà sórí ara rẹ̀ láìsinmi, birimintingo ni ìṣàn kíákíá tó ń já wálẹ̀ láàárín rẹ̀. Ẹni tó mọ dùndún lè rò pé omele àti ìyáàlù ni a ń wí. Ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ìyáàlù ń sọ ọ̀rọ̀. Ohùn mẹ́ta tí èdè wa ní ló ń tẹ̀ lé. Gìtá Manfila kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí Salif bá mí, gìtá a wọlé. Bí ó bá tún gbóhùn, gìtá a padà sí ìlà rẹ̀. Ìwọ̀nba tó ń lo ara rẹ̀ yìí gan-an, lójú tèmi, ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú orin náà kò rọrùn. Oríkì Sékou Touré, ààrẹ Gínì, ni Mandjou; Touré ló fi oyè orílẹ̀-èdè dá Salif lọ́lá. Ọmọ Málì ni Salif. Manfila ni ọmọ Gínì, ọmọ ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá kúrò nígbà náà, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé ní Abidjan kan náà. Keita Fodéba, tó dá Les Ballets Africains sílẹ̀, tí onígìtá rẹ̀ jẹ́ Kanté bíi tiwa yìí, Facelli, ni wọ́n pa ní àgọ́ ẹ̀wọ̀n Boiro ní 1969. Mo máa ń rò ó pé ọwọ́ wo ni Manfila fi to oríkì náà. Orin náà kò sọ.

Ní ìparí 1980, òun àti Salif lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti gba ohùn Primpin àti Tounkan sílẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹgbẹ́ náà pín. Salif lọ sí Paris, ó gbé Soro jáde ní 1987, ayé sì gbé e. Manfila náà dé Paris. Àwo Tradition rẹ̀ jáde ní 1988, ìró ẹ̀rọ sì pọ̀ nínú rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà. N kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Kankan Blues, tó jáde ní Jámánì ní 1991, yàtọ̀ pátápátá. Gìtá tí kò lo iná mànàmáná ni, àwọn ohun èlò díẹ̀, àti ohùn Manfila fúnra rẹ̀. Kò ní ohùn Salif, kò sì díbọ́n pé òun ní i. Ohùn alágbẹ̀dẹ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni. Níhìn-ín ni a ti lè gbọ́ bálà lábẹ́ ìka rẹ̀ kedere: àtàǹpàkò ń di ìlà ìsàlẹ̀ mú, ìka ìfábẹ̀lá ń sáré lókè, bí ọ̀pá ìlù méjì lórí igi. Ẹ tún gbọ́ àwo tí a gbé jáde ní 2005 ní àkọlé The Lost Album, níbi tí òun àti Salif ti kọrin ní nǹkan bí 1980. Ẹyẹ kò lè fi apá kan fò, apá méjèèjì sì hàn níbẹ̀.

Manfila kú ní Paris ní oṣù Keje 2011. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Sterns ní Lọ́ńdọ̀nù ṣa àwọn orin tí ẹgbẹ́ náà kọ ní Bamako láàárín 1975 sí 1977 jọ. Wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà síwájú.

Àwo bàbá kékeré wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Èèpo rẹ̀ ti fàya, ojú rẹ̀ sì kún fún ìlà. Mo máa ń gbé e fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí a bá ń kọ́ nípa ìlù àti ohùn èdè. Mo máa ń ní kí wọ́n má tẹ́tí sí olórin náà ní ìgbà àkọ́kọ́. Ó máa ń ṣòro fún wọn.